Lukonde, Ìyàwó Onítírélà

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Mwaba kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ méjì nínú bàtà rọ́bà, tó yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà Mkushi, nínú oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò ọdún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀sì tí Mwaba wọ̀ bọ̀ láti ìpàdé àwọn olùkọ́ ti kú sójú ọ̀nà, àwọn èrò ti fọ́n ká, òun náà sì ti fi ẹsẹ̀ rìn títí ẹrẹ̀ fi dé orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọ̀wọ̀ bá ẹsẹ̀ méjèèjì sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ṣé ẹ ń lọ sí Kapiri?"

Ohùn obìnrin ló dá a lóhùn. "Mò ń lọ. Àmọ́ kò sí bàbá kankan níbí. Na sípánà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ yẹn sí mi."

Mwaba na sípánà sí i. Nígbà tí obìnrin náà jáde, epo dúdú wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì fi ìborí pupa di irun rẹ̀ pinpin. Ó wo Mwaba láti òkè dé ilẹ̀, ó ní tíṣà ni, àbí? Mwaba bi í bó ṣe mọ̀. Ó ní ẹni tó bá lè kí ẹsẹ̀ tí kò mọ̀ rí pẹ̀lú irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀, bí kò bá jẹ́ tíṣà, pásítọ̀ ni, òun kò sì rí Bíbélì lọ́wọ́ rẹ̀.

Lukonde lorúkọ rẹ̀. Ìyẹ̀fun àgbàdo ló ń kó láti Kapiri Mposhi lọ sí Mkushi àti àwọn abúlé tó wà lójú ọ̀nà. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, bíi ti Mwaba. Luanshya ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ibi ìwakùsà. Kí wọ́n tó dé Kapiri, ó ti sọ fún Mwaba pé òun ní ìwé àṣẹ láti wa tírélà, èyí tó tóbi jù nínú gbogbo rẹ̀, ọdún mẹ́rin lòun sì fi tu owó jọ kóun tó rí i gbà. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí òun bá gbé ìwé náà dé, wọn á wo ìwé, wọn á wo ojú òun, wọn á ní kóun máa lọ, àwọn á pè òun. Kò sí ẹni tó pè é rí.

Ilé-ìwé kan náà ni èmi àti Mwaba ti ń kọ́ni, tábìlì wa sì kojú síra. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kò ṣí ìwé kankan. Ó jókòó, ó ń wo ògiri. Mo bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá. Ó ní, "Mo rí obìnrin kan." Láti ọjọ́ náà, mo mọ̀ pé kò ní gbádùn mọ́.

Gbogbo Ọjọ́rú ni Lukonde máa ń gba iwájú ilé-ìwé wa kọjá. Tí fèrè ọkọ̀ rẹ̀ bá ti dún lẹ́ẹ̀mejì, Mwaba á fún àwọn ọmọ ní ìṣirò mẹ́wàá, á sáré jáde pẹ̀lú àgbàdo sísun tó ti rà sílẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni wọ́n máa fi dúró lẹ́bàá ọkọ̀. Ó sọ fún mi pé ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn lòun fi ń gbé ọ̀sẹ̀ ró. Nígbà tí òjò fi máa dáwọ́ dúró tí òtútù oṣù Kẹfà sì dé, ó ti bi í bóyá yóò fẹ́ òun, Lukonde sì ti dáhùn pé òun rò pé kò ní béèrè láéláé.

Ìbẹ̀rẹ̀ wàhálà nìyẹn, nítorí Mwaba ní ìyá.

Opó ni Ìyá Mwaba, Mwaba nìkan ló bí, ilé kan náà sì ni wọ́n ń gbé. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ ń bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mwaba sọ iṣẹ́ tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń ṣe, ó gbé abọ́ nshima, òkèlè ìyẹ̀fun àgbàdo tó ń jẹ, kalẹ̀, kò sì gbé e mọ́. Dírẹ́bà tírélà ni ọkọ rẹ̀ kó tó kú. Gbogbo Kapiri ló mọ̀ pé bàbá náà ní ìyàwó mìíràn àti ọmọ mẹ́ta ní Nakonde lẹ́nu ààlà, àti pé ọdún kẹtàlá lẹ́yìn tó fẹ́ obìnrin yẹn ni Ìyá Mwaba tó gbọ́.

Ó ní, "Ọdún méjìlélógún ni mo fi jókòó, tí mò ń dúró de ọkọ̀. Mi ò bí ọmọ kankan kó lè wá jókòó sórí àga tí mo jókòó sí."

Mwaba ní Lukonde kò dà bí bàbá òun. Ìyá rẹ̀ dá a lóhùn pé bàbá rẹ̀ náà kò dà bí bàbá rẹ̀ nígbà tí òun fẹ́ ẹ.

Síbẹ̀, Mwaba rán alárinà sí Luanshya. Bàbá Chola ni alárinà náà, káfíńtà àgbà tó ti bá ìdajì àdúgbò wa tọrọ ìyàwó. Ó gbé àwo méjì dání, ọ̀kan dé èkejì lórí, owó ìtọrọ sì wà láàárín, gẹ́gẹ́ bí a ti í ṣe é; bí bàbá ìyàwó bá ṣí i, ó ti gbà nìyẹn. Bàbá Lukonde gbà á ní àlejò dáadáa. Ó fẹ́ràn ohun tó gbọ́ nípa tíṣà náà. Ṣùgbọ́n ó béèrè ohun tí ìyá ọkọ sọ, Bàbá Chola kì í sì í purọ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Bàbá Lukonde ní òun kò ní dá àwo padà, òun kò sì ní ṣí i. Yóò wà lórí pẹpẹ níbẹ̀ yẹn. Ọjọ́ tí ìyá ọkọ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ Lukonde, ọjọ́ náà ni òun yóò ṣí i. Òun kò ní fi ọmọ òun ránṣẹ́ sí ilé tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni fóònù Lukonde dún. Ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ndola ń wá dírẹ́bà tí yóò máa kó bàbà lọ sí èbúté Walvis Bay. Wọ́n ti rí ìwé rẹ̀. Kó wá ṣe ìdánwò ojú ọ̀nà ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Keje. Yóò yẹ ọkọ̀ wò, yóò fi ẹ̀yìn wa tírélà wọ àárín àgbá, yóò sì gbé ẹrù jáde sójú títì pẹ̀lú olùdánwò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Láti ìgbà tó ti gba ìwé àṣẹ, kò tíì fọwọ́ kan tírélà rí.

Ọjọ́rú ló sọ ọ́ fún Mwaba. Ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọdé. Mwaba kí i kú oríire. Ṣùgbọ́n Lukonde kì í ṣe ẹni tí èèyàn lè fi ẹ̀rín ẹnu tàn jẹ. Ó ní kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mwaba sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí Lukonde ti ń ròyìn lọ́wọ́, òun bá ara òun níbi tí òun ti ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn pé kí Lukonde má yege. Bí kò bá yege, yóò máa kó ìyẹ̀fun lọ, yóò máa délé lójoojúmọ́, ọkàn ìyá òun á rọ̀, gbogbo rẹ̀ á yanjú. Ojú ti òun nígbà tí òun ṣe àmín. Ó dúró lẹ́bàá ọkọ̀ níbẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún Lukonde bó ṣe rí.

Lukonde kò pariwo. Ó fi àgbàdo tó ń jẹ lé Mwaba lọ́wọ́.

"Gbogbo ilé-iṣẹ́ tó lé mi padà, mo mọ̀ pé wọn ò fẹ́ kí n yege. Mi ò mọ̀ pé ìwọ náà wà láàárín wọn."

Ó gun ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ mẹ́fà ni kò fi gbé fóònù Mwaba. Ọ̀rẹ́ mi rù. Ó ń kọ déètì àná sójú pátákó. Ó bi mí ohun tí òun máa ṣe, mo ní kó lọ bẹ̀bẹ̀. Ó ní ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni Lukonde nílò, ohun tó nílò ni tírélà. Mo rò pé ìrora ọkàn ló ń sọ̀rọ̀.

Ó gba ilé Bàbá Chola lọ. Ohun tí àwọn méjèèjì fi ọjọ́ mẹ́ta kàn nínú ọgbà káfíńtà, tí ẹ bá rí i, ẹ̀yin náà á rẹ́rìn-ín. Kẹ̀kẹ́ onígi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni. Wọ́n ri sítíárì ọkọ̀ àlòkù kan mọ́ ọn níwájú, wọ́n fi okùn so sítíárì náà mọ́ àwọn ẹsẹ̀ iwájú kí wọ́n lè máa yí. Wọ́n wá fi irin kan ṣoṣo so kẹ̀kẹ́ mìíràn tó gùn, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, mọ́ ọn lẹ́yìn, tó fi lè máa ṣẹ́ bí tírélà ti ń ṣẹ́. Mwaba fà á gba àárín ìlú lójú gbogbo èèyàn, ó fà á dé iwájú ilé tí Lukonde háyà.

Lukonde jáde. Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo òógùn tó ń ṣàn lójú tíṣà.

Mwaba ní, "Mo ti yí àdúrà mi padà. Mo wá láti ti ọkọ̀ fún ọ."

Lukonde yí kẹ̀kẹ́ náà po. Ó fi ẹsẹ̀ ta àwọn táyà rẹ̀. Ó béèrè bóyá ó ní bíréèkì. Mwaba ní òun ni bíréèkì. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀ bọ́, ó gbé ọwọ́ bo ojú, nígbà tó sì máa gbé e kúrò, omi wà lójú rẹ̀ díẹ̀. Ó ní òun ṣì ń bínú. Mwaba ní òun mọ̀.

Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ bá ti parí, pápá ilé-ìwé wa di ọgbà tírélà. Mwaba fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀, ó fi òkúta sàmì ẹnu ọ̀nà tí tírélà máa wọ̀. Lukonde á jókòó sídìí sítíárì, á kọ ẹ̀yìn sí òkúta, Mwaba á dúró níwájú, á tì í padà sẹ́yìn. Ìṣòro tírélà ni pé bí o bá yí sítíárì sọ́tùn-ún, òsì ni ẹ̀yìn rẹ̀ ń lọ. Ìgbà mẹ́wàá tí wọ́n bá gbìyànjú, ìgbà mẹ́sàn-án ni ẹ̀yìn á ṣẹ́, tí iwájú àti ẹ̀yìn á fẹ́ fẹnu kora. Àwọn tó wá wòran ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní kí tíṣà fi ẹrù díẹ̀ kún un. Òmíràn béèrè iye tí wọ́n ń gbà dé Lusaka.

Ìyá Mwaba ń gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá bó bá ń bọ̀ láti ìpàdé ìjọ. Ọjọ́ kìíní, kò yíjú síbẹ̀. Ọjọ́ kejì, ó dúró díẹ̀ lẹ́bàá ọgbà. Ọjọ́ kẹta, mo wà níbẹ̀, mo rí i. Ó dúró títí, ọwọ́ rẹ̀ di igi ọgbà mú, orí rẹ̀ ń tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí kẹ̀kẹ́ ti ń ṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀yìn tún yà kúrò lójú ìlà lẹ́ẹ̀kẹrin, ó wọlé, ó rìn la pápá já, ó dúró ti Lukonde lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ọwọ́ rẹ ga jù. Di ìsàlẹ̀ sítíárì mú, níbi tó sún mọ́ itan rẹ. Ibi tí o bá fẹ́ kí ẹ̀yìn lọ, ibẹ̀ ni kí ọwọ́ rẹ lọ. Má sì kánjú."

Lukonde mú ọwọ́ wálẹ̀. Mwaba tì. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà rìn jẹ́jẹ́, ó yí díẹ̀, ó nà, ó sì wọ àárín òkúta méjèèjì láìfara kan ọ̀kankan. Mwaba bi ìyá rẹ̀ ibi tó ti mọ̀ ọ́n.

Ó kọ́kọ́ ní àwọn á délé kí òun tó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí òkúta kan níbẹ̀, ó sì sọ ọ́. Nígbà tí Mwaba wà ní ọmọ ọdún méjì, àìsàn ibà gbé bàbá rẹ̀ ṣánlẹ̀ ní Serenje pẹ̀lú ẹrù símẹ́ńtì. Ìyá náà wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ọkọ̀, ọmọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí àwọn ọ̀gá bá gbọ́ pé ó ń ṣàìsàn, iṣẹ́ á bọ́. Ọkọ rẹ̀ sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ̀n, ó ń sọ ohun tí yóò ṣe fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyá náà sì wa tírélà náà láti Serenje dé Kapiri. Lẹ́yìn ìyẹn, ìrìn-àjò mẹ́rin ni wọ́n jọ lọ, ó sì máa ń wà á ju ọkọ rẹ̀ lọ. Títí di ọjọ́ tí ọ̀gá kan rí i tó ń fi ẹ̀yìn wọ ọgbà. Gbogbo àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ fi ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ọkọ rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mú un lọ sílé. Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè é.

Lukonde sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́ bí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbà. Ìyá Mwaba dìde, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀.

"Ọkọ̀ ni mo kọ́ ọ. Mi ò sọ pé mo fún ọ lọ́mọ mi."

Ṣùgbọ́n lọ́la ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ lọ bá ọ̀rẹ́ olóògbé ọkọ rẹ̀ kan tó ní ọgbà ọkọ̀ lẹ́yìn ibùdó rélùwéè. Tírélà àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ náà ní kí wọ́n máa lò ó ní Sátidé. Sátidé méjì ló kù, ìyá náà kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Lukonde. Ó kọ́ ọ bí a ṣe ń fi irin gbá táyà kọ̀ọ̀kan kí a sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó kọ́ ọ kó pa ẹ́ńjìnnì, kó tẹ bíréèkì, kó sì tẹ́tí sí ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń sú. Ó kọ́ ọ pé bí kò bá dá ohun tó wà lẹ́yìn lójú, kó dá ọkọ̀ dúró, kó sọ̀kalẹ̀, kó lọ wò ó, bí gbogbo ayé tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé kejì, bí wọ́n ti jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n ń mu omi, Lukonde béèrè ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún wa nígbà tó yá.

Ó ní, "Màámá, ẹ má bínú. Èwo ló dùn yín jù nínú méjèèjì, pé bàbá ń rìnrìn-àjò ni, àbí pé wọ́n purọ́?"

Ìyá náà wo iwájú títí.

"Irọ́ ni," ni ó wí. "Mo lè dúró de ọkọ̀. N kò mọ̀ pé ohun tí mò ń dúró dè kò sí níbẹ̀."

Lukonde sọ fún un pé nígbà tí Mwaba gbàdúrà pé kí òun má yege, ó sọ ọ́ fún òun lójú ara òun lọ́jọ́ náà gan-an. Òun bínú. Àmọ́ ọkùnrin tó lè sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nípa ara rẹ̀, òun náà ò ní purọ́ fún un láéláé, ibi yòówù kí òun wà. Ìyá Mwaba ní kó tan ọkọ̀, kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.

Òtútù mú gan-an ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Mwaba gba àyè lọ́dọ̀ ọ̀gá wa, èmi ni mo sì bá a mójú tó kíláàsì rẹ̀. Nígbà tó dé ibùdó bọ́ọ̀sì, ó bá ìyá rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú Lukonde, ìyá náà ti wọ aṣọ òtútù, ó gbé abọ́ oúnjẹ sórí ẹsẹ̀. Ó ní òun ní ohun tí òun fẹ́ rà ní Ndola. Kò sọ ohun náà títí di òní.

Àwọn mẹ́fà ló wá ṣe ìdánwò, ọkùnrin márùn-ún àti Lukonde. Sikazwe ni orúkọ olùdánwò, bàbá gíga, gbígbẹ, pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí, tí kì í fèsì ìkíni ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mwaba àti ìyá rẹ̀ dúró sẹ́nu géètì, wọ́n ń gba ihò irin wòye.

Lukonde ló ṣe ìkarùn-ún. Ó yí tírélà náà po, irin lọ́wọ́, ó ń gbá táyà. Ó wọ abẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó sọ fún Sikazwe pé kọ́kọ́rọ́ tó so iwájú mọ́ ẹ̀yìn kò tíì pa dé, òun kò sì ní gbé ọkọ̀ náà kúrò lójú kan báyìí. Ọ̀gá náà ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò sọ fún un. Ó kọ nǹkan sínú ìwé.

Ó dé ibi ìfẹ̀yìnwọlé láàárín àgbá. Ó dá ọkọ̀ dúró ní ìdajì ọ̀nà, ó sọ̀kalẹ̀, ó lọ wo ẹ̀yìn. Àwọn ọkùnrin tó ti ṣe tiwọn rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ní bóyá yẹtí rẹ̀ ló já bọ́. Ó padà, ó rìn díẹ̀, ó tún sọ̀kalẹ̀. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó mú ọwọ́ wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ sítíárì, ó sì ti tírélà náà wọ àárín àgbá bí ẹni ti dúráwà padà. Mwaba kò mọ̀ pé òun ti di ọwọ́ ìyá òun mú. Kò sí àyè kankan nínú ọkàn rẹ̀ mọ́ tó ń fẹ́ kó kùnà.

Wọ́n wá gbé ẹrù jáde sójú ọ̀nà Kafulafuta, òun àti Sikazwe nìkan nínú orí ọkọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, Lukonde ló sọ ọ́. Ní ibì kan tí ọ̀nà ti ń gòkè, tó sì yí, ọkọ̀ epo kan wà níwájú wọn tó ń fà bí ìgbín. Sikazwe wo aago rẹ̀, ó ní kó yà á sílẹ̀, kó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Lukonde ní, "Rárá, ọ̀gá. Mi ò rí iwájú."

"Mo ní yà á. Mo ní ìpàdé ní Ndola, mo sì ti ń pẹ́."

Lukonde rántí gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ti ní kó máa lọ. Ó rántí àwo méjì tó wà lórí pẹpẹ bàbá rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun yìí ló ni ìwé, òun ló ni pẹ́ńsùlù. Ó fi ọkọ̀ sí jíà tó rẹlẹ̀, ó sì dúró sẹ́yìn ọkọ̀ epo.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. A máa pẹ́."

Sikazwe fa pẹ́ńsùlù yọ lẹ́yìn etí, ó kọ nǹkan sínú ìwé, wọ́n sì padà sí ọgbà.

Ọ̀sán pọ́n kí wọ́n tó pè wọ́n jọ. Sikazwe dúró níwájú wọn, ó wo ìwé rẹ̀. Ó ní àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni òun sọ fún pé òun ní ìpàdé. Òun kò ní ìpàdé kankan. Mẹ́rin yà á nítorí pé ọ̀gá ló ní kí wọ́n yà á. Ẹnì kan kò yà á, ṣùgbọ́n ó gbé ọkọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ jáde láàárọ̀. Ó wá gbé ojú sókè.

"Lukonde. Ọjọ́ Mọ́ńdè, aago méje. Má pẹ́."

Lukonde jáde síta géètì pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ìyá Mwaba ló kọ́kọ́ lahùn.

"Ṣé o sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, Màámá."

Ìyá Mwaba rẹ́rìn-ín. Mwaba sọ fún mi pé òun kò rántí ìgbà tí òun ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìyá náà gbá Lukonde mọ́ra lójú títì níbẹ̀, ó dì í mú títí àwọn ọkùnrin tó ń jáde fi gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ṣí fìlà. Lẹ́yìn náà ni ìyá náà kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó béèrè ọjọ́ tí ọwọ́ Bàbá Chola dilẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n lọ sí Luanshya. Àṣà wa kò ní kí ìyá ọkọ tẹ̀lé alárinà, ojú sì ti Bàbá Chola díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n Ìyá Mwaba ní ẹnu òun ni wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Lukonde àti ìyàwó rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀rù ló bà mí, kì í ṣe ìkórìíra. Mo ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yín nínú ọkọ̀, mo ti wo bó ṣe ń wà á. Kò kánjú, kì í sì í purọ́. Bí ọmọ mi bá fẹ́ ẹlòmíràn báyìí, èmi ni n kò ní gbà."

Bàbá Lukonde na ọwọ́ sí pẹpẹ, ó gbé àwo méjèèjì sọ̀kalẹ̀, ó sì ṣí èyí tó wà lókè. Àwọn obìnrin tó ti ń gbọ́ láti ilé ìdáná bẹ̀rẹ̀ sí í ké igbe ayọ̀, Bàbá Chola sì sọ fún mi pé nínú gbogbo ìyàwó tí òun ti tọrọ, ọjọ́ yẹn nìkan ni òun kò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ.

Wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù Kẹsàn-án. Èmi ni mo dúró ti ọkọ ìyàwó. Lukonde ti lọ sí Walvis Bay lẹ́ẹ̀kan kó tó dìgbà náà, ó sì tún lọ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn rẹ̀. Mwaba dúró dè é, mi ò ní parọ́ pé ó rọrùn fún un. Ó máa ń ka ọjọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ máa ń pè é láti gbogbo ibi tó bá ti dúró, ibi tó bá sì sọ pé òun wà, ibẹ̀ náà ló wà.

Nígbà tí ilé-ìwé wọ ìsinmi oṣù Kejìlá, ilé-iṣẹ́ gbà kí ọkọ bá a lọ. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n lò lójú ọ̀nà, wọ́n gba Livingstone, wọ́n gba ẹnu ààlà Katima, wọ́n gba aginjù tí kò ní igi kankan. Lẹ́yìn tí wọ́n já bàbà náà ní èbúté, Lukonde mú un lọ sí etí òkun. Mwaba kò rí òkun rí láyé rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò tíṣà rẹ̀ dé orúnkún, ó rìn wọnú omi, ó sì dúró síbẹ̀ bí ọkùnrin tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn tó tóbi ju ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Lukonde pe Kapiri lórí fóònù. Ìyá Mwaba gbé e, ó sì béèrè ohun tó ń hó bẹ́ẹ̀.

"Òkun ni, Màámá."

Ohùn ìyá náà tún wọlé, jẹ́jẹ́.

"Ẹ má tíì pa á. Ẹ gbé e sún mọ́ ọn, kí n gbọ́ ọ dáadáa."

Lukonde na fóònù náà sórí omi títí ọwọ́ rẹ̀ fi nà tán, Mwaba di ìbàdí rẹ̀ mú kó má baà ṣubú, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì, títí owó orí fóònù fi tán.